Kọ́bọ̀ kan tí a ń sọ di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́: ta ló mọ 2,147,483,647?

Akọ̀wé_Àjọ (Kàbà)
Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o.

Àwọn obìnrin tí a jọ ń dá àjọ lọ́jà ló gbé ọ̀rọ̀ kan wá sórí WhatsApp wa. Ẹnì kan ní ká dá àjọ oṣù kìn-ín-ní báyìí: lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kọ́bọ̀ kan péré, lọ́jọ́ kejì, kọ́bọ̀ méjì, lọ́jọ́ kẹta, mẹ́rin, ká máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ títí oṣù á fi parí. Gbogbo wọn ní kọ́bọ̀ lásán ni, kí ló le níbẹ̀?

Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, kọ́bọ̀ 512 ni, náírà márùn-ún lé díẹ̀. Lógúnjọ́, ₦5,242.88. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, owó ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ti di ₦10,737,418.24! Nígbà tí mo ro gbogbo oṣù pọ̀, ó jẹ́ kọ́bọ̀ 2,147,483,647, ìyẹn ₦21,474,836.47. Mo fi hàn wọ́n, wọ́n dákẹ́ lórí WhatsApp.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá síbí. Nọ́ńbà yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Mo ti rí i níbì kan rí, kì í sì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ owó. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Kájú_Ìyàrá
Ọ̀kun, àǹtí. Ẹ fi orúkọ mi sí i. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé àjọ náà fún, kí n má ta kájú mọ́ láyé mi.

Akọ̀wé_Àjọ (Kàbà)
Ẹ kọ́kọ́ dá ti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n wá ná.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Àbújá)
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ìṣirò. Ojú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lẹ ti máa rí i. Ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ jẹun, a sì máa ń bá nọ́ńbà yìí pàdé lẹ́nu iṣẹ́ wa, pàápàá lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń ya ààyè 32 sọ́tọ̀ fún odidi nọ́ńbà kan. Ọ̀kan nínú ààyè wọ̀nyẹn ló ń sọ bóyá nọ́ńbà náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ku 31. Ààyè àkọ́kọ́ níye lórí 1, èkejì 2, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 8. Ẹ wá wo àjọ yín: ọjọ́ kan, ààyè kan. Tí 1 bá wà nínú gbogbo ààyè 31 náà, àròpọ̀ wọn ni 2,147,483,647, kò sì sí ibòmíì tó tún lè gùn sí. Tí ẹ bá fi 1 péré lé e, ètò tí wọn ò kọ dáadáa á ṣẹ́rí padà sí -2,147,483,648. Ẹni tó lówó jù lọ á di ẹni tó jẹ gbèsè jù lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, YouTube kéde pé àwọn ò rò ó rí pé fídíò kan lè ní òǹwò tó ju iye yìí lọ. Fídíò olórin Kòríà kan ló ṣe bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá fẹ ààyè náà sí 64.

Mọ̀pà_Kò_Gbà
Òun náà ni wọ́n ní yóò ba gbogbo fóònù jẹ́ ní 2038, àbí? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ìbẹ̀rù.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Àbújá)
Òun ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Ìṣẹ́jú àáyá ẹlẹ́ẹ̀kẹ 2,147,483,647 á bọ́ sí ọjọ́ Tuesday, 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2038, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ní ìdájí, ní aago tiwa ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tó ṣì ń lo ààyè 32 á rò pé òun wà ní oṣù Kejìlá ọdún 1901. Fóònù tuntun tó wà lọ́wọ́ wa ti ń lo 64. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò ni kẹ́ ẹ máa ṣàníyàn lé lórí.

Tíṣà_Ìsánlú
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ti ń sọ nípa fóònù àti YouTube láti àárọ̀, ẹ ò sì tíì kan ohun tó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò dìde fún nọ́ńbà yẹn. Ọgọ́rùn-ún ọdún méjì kí fóònù alágbèéká tó dé ló ti lókìkí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara àjọ. Akọ̀wé ò nílò láti ro ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan fi kọ́bọ̀ kan ṣe ẹ̀bùn fún àjọ náà. Kọ́bọ̀ yẹn àti ti ọjọ́ kìn-ín-ní di 2. Ó bá 2 ti ọjọ́ kejì, ó di 4. Ó bá 4 ti ọjọ́ kẹta, ó di 8. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa gun orí ara wọn títí á fi di 2^31, ìyẹn 2 tí a kọ nígbà 31 tí a sì fi sọ ara wọn di púpọ̀. Iye yẹn ni 2,147,483,648. Ẹ yọ kọ́bọ̀ ẹ̀bùn kúrò: 2^31 − 1.

Nọ́ńbà tó bá ní ìrísí yìí, 2 tí a gbé ga tí a wá yọ 1 nínú rẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ àlùfáà ọmọ Faransé kan, Marin Mersenne, pè é. Ní 1644, bàbá yẹn kọ àwọn ìgbéga (iye ìgbà tí a kọ 2) tí ó ní yóò jẹ́ kí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ práìmù: 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127, 257. (Práìmù ni nọ́ńbà tí ohunkóhun ò lè pín láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀.) Kò fi ẹ̀rí kankan tì í. 67 àti 257 kò rí bó ṣe wí, ó sì fo 61, 89 àti 107. Ṣùgbọ́n 31 rí bẹ́ẹ̀. Leonhard Euler, àgbà onímọ̀ ìṣirò, ló fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, kò sí práìmù tó tóbi jù ú lọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Mọ̀pà_Kò_Gbà
Tíṣà, ẹ má bínú, mi ò gbà. Nọ́ńbà tó lé ní bílíọ̀nù méjì! Ẹni tí ò ríran, tí kò ní kọ̀ǹpútà, ló fi gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí i pín in lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn yòókù ń kà á tẹ̀lé e ni.

Iṣu_Tútù
Iṣu tuntun ti dé láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọgọ́rùn-ún lórí fún ẹni tó bá kọ́kọ́ p

Alákòóso
@Iṣu_Tútù, ojú-ewé ọjà wà lápá kejì. Tíṣà, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Èmi náà fẹ́ gbọ́.

Ọmọ_SS3 (Kàbà)
Ẹ káàsán sà. Mo gbìyànjú tèmi lórí bébà. Kò ṣeé fi 2 pín, 7 ló parí rẹ̀. Àròpọ̀ díjítì rẹ̀ ni 46, nítorí náà kò ṣeé fi 3 pín. Mo fi 7 pín in, ó ṣẹ́ku 1. Mo fi 11 pín in, ó ṣẹ́ku 1. Mo fi 31 pín in, ó tún ṣẹ́ku 1! Kí ló dé tó ń ṣẹ́ku 1 ṣáá?

Tíṣà_Ìsánlú
Ọmọ dáadáa. Máa mú ìbéèrè yẹn lọ́wọ́, òun ló máa dá ẹni Mọ̀pà lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gé iṣẹ́ náà kúrú. 46,340 × 46,340 kò tó nọ́ńbà wa. 46,341 × 46,341 ti kọjá rẹ̀. Tí nọ́ńbà méjì bá sọ ara wọn di púpọ̀ tí wọ́n sì bí i, ọ̀kan nínú wọn ò lè kọjá 46,340. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ pín in ò nílò láti kọjá ibẹ̀, práìmù nìkan ni yóò sì fi dán an wò. Àwọn práìmù tó wà níbẹ̀ lé ní 4,700. Ó ṣì pọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń fọ́.

Ibi tí ọgbọ́n wà rèé. Ẹ mú práìmù kan tí kì í ṣe 2. Ẹ máa sọ 1 di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì máa kọ ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀ tí ẹ bá fi práìmù yẹn pín in. Pẹ̀lú 7: 1, 2, 4, ó tún di 1. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló fi yí po. Pẹ̀lú 23: 1, 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, ó tún di 1. Ìgbésẹ̀ 11. Práìmù kọ̀ọ̀kan ló ní ìyípo tirẹ̀. Ohun tí Pierre de Fermat sì ti rí ṣáájú Euler ni pé, tí ẹ bá yọ 1 nínú práìmù náà, ìyípo rẹ̀ á pín ohun tó kù láìṣẹ́kù. 23 yọ 1 jẹ́ 22. 11 pín 22.

Ẹ wá gbọ́. Tí práìmù kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní q, bá pín 2^31 − 1 láìṣẹ́kù, á jẹ́ pé 2^31 ṣẹ́ku 1 lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi wé ọjà: ọjà kan ná lónìí, ó tún ná ní ọjọ́ 31 sí òní. Ọjọ́ mélòó mélòó ló ń ná? Iye ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ pín 31 láìṣẹ́kù. 31 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ práìmù, nítorí náà ó ń ná lójoojúmọ́ ni, tàbí ní ọjọ́ 31 sí 31. Kò lè jẹ́ ojoojúmọ́, torí pé 2 kò ṣẹ́ku 1. Ìyípo q jẹ́ 31 géérégé. Ìyẹn ni pé 31 pín q − 1. q kì í ṣe ẹ̀yà 2, nítorí náà 2 náà pín q − 1. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pín nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú 63, 125, 187, 249 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 62 lórí 62, pẹ̀lú 1.

Òfin kejì tún wà. Bí 2^31 bá ṣẹ́ku 1, 2^32 á ṣẹ́ku 2. Ṣùgbọ́n 65,536 × 65,536 ni 2^32. Práìmù tí 2 bá lè jẹ́ àṣẹ́kù nọ́ńbà kan tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹ bá fi 8 pín in, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ̀rí ìyẹn gùn ju ojú-ewé yìí lọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Tí a bá so òfin méjèèjì pọ̀, ìrísí méjì péré ló kù: 248 lórí 248 pẹ̀lú 1, tàbí 248 lórí 248 pẹ̀lú 63. Láti ìsàlẹ̀ dé 46,340, gbogbo wọn ò ju 373 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í ṣe práìmù. 63 kì í ṣe práìmù. 249 jẹ́ 3 × 83. Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ ká dán wò ni 311.

Ẹ̀yin Mọ̀pà, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò.

Mọ̀pà_Kò_Gbà
311 × 6,905,092, ó ṣẹ́ku 35. Kò pín in.
Èwo ló tẹ̀lé e?

Ọmọ_SS3 (Kàbà)
497 jẹ́ 7 × 71, ó jáde. 559 jẹ́ 13 × 43. 745 àti 1,055, 5 pín wọn. 807 àti 993, 3 pín wọn. 1,241 jẹ́ 17 × 73. Ó di 1,303! Láti 311 dé 1,303, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín.

Mọ̀pà_Kò_Gbà
1,303 ṣẹ́ku 226. 1,489 ṣẹ́ku 199.
Ó dáa. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é dé òpin lóòótọ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n mi ò yí orúkọ mi padà.

Kájú_Ìyàrá
Ẹ ya fọ́tò! Mọ̀pà gbà!

Tíṣà_Ìsánlú
Ọmọ SS3, ìbéèrè rẹ nìyí. Ìyípo 7 jẹ́ 3, ti 11 jẹ́ 10, ti 31 jẹ́ 5. Gbogbo wọn ló pín 30. Nítorí náà 2^30 ṣẹ́ku 1 lọ́dọ̀ wọn, 2^31 ṣẹ́ku 2, ìwọ wá yọ 1. Dán 151 àti 331 wò, wàá rí 1 níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n fi 13 pín in, 10 ló máa ṣẹ́kù, torí pé ìyípo 13 jẹ́ 12.

Ọmọ_SS3 (Kàbà)
Ó rí bẹ́ẹ̀ sà! Àmọ́ ìgbéga tó bá ti jẹ́ práìmù ńkọ́, ṣé gbogbo wọn ló máa ń bí práìmù ni?

Tíṣà_Ìsánlú
Rárá. 11 jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n 2^11 − 1 jẹ́ 2,047, ìyẹn 23 × 89. Wo wọn dáadáa: 22 jẹ́ 11 méjì, 88 jẹ́ 11 mẹ́jọ. Òfin kan náà. 67 tí Mersenne kọ sílẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1903, Frank Nelson Cole dìde níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, kò sọ̀rọ̀, ó kọ 193,707,721 × 761,838,257,287 sójú pátákó, ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó bá 2^67 − 1 pàdé, ó sì lọ jókòó. Nínú gbogbo ìtàn ìṣirò, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kì í pariwo.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Àbújá)
Fún àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà dán an wò, ọ̀nà kan wà tí kò nílò pípín káàkiri rárá, ti Lucas àti Lehmer. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ mú ohun tó ṣẹ́kù, ẹ tún ṣe é. Pẹ̀lú 2^5 − 1, tó jẹ́ 31: 4, 14, 8, 0. Òdo dé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn 5 yọ 2, nítorí náà práìmù ni. Ti 2^31 − 1 gba ìgbésẹ̀ 29. Mo kọ ọ́ sórí fóònù mi báyìí, òdo dé kí n tó gbé ìka kúrò. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi jẹ́rìí sí èyí tó tóbi jù lọ tí a tíì mọ̀, tí wọ́n rí ní 2024: 2^136,279,841 − 1, díjítì rẹ̀ 41,024,320.

Akọ̀wé_Àjọ (Kàbà)
Mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Ó dùn, mo sì ti rántí ibi tí mo ti rí nọ́ńbà náà: ètò kan tí a fi ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ló gbé e jáde nígbà tí ẹnì kan fi nọ́ńbà fóònù síbi tó yẹ kó fi iye owó sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín bí oníṣòwò: kí la fi ń ṣe? Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá práìmù, kí ló jẹ?

Tíṣà_Ìsánlú
Àwọn ọlọ́gbọ́n náà ti bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé 6 jẹ́ 1 + 2 + 3, àwọn tó pín in ló tún ró pọ̀ di òun. 28 náà rí bẹ́ẹ̀: 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Nọ́ńbà pípé là ń pè wọ́n. Euclid ti fi hàn láyé àtijọ́ pé práìmù kọ̀ọ̀kan tó ní ìrísí ti Mersenne ló ń bí nọ́ńbà pípé kan. Tí ẹ bá fi owó ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n àjọ yín, ní kọ́bọ̀, sọ 2^31 − 1 di púpọ̀, á bí 2,305,843,008,139,952,128.

Ní 1811, Peter Barlow, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni nọ́ńbà pípé tó tóbi jù lọ tí a máa rí láé, torí pé ohun ìwòran lásán ni wọ́n, wọn ò wúlò, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni á wá òmíràn kọjá rẹ̀. Ní 1883, àlùfáà kan ní Rọ́ṣíà, Ivan Pervushin, fi ẹ̀rí hàn pé 2^61 − 1 jẹ́ práìmù. Ọ̀rọ̀ Barlow já nílẹ̀. Nípa àìwúlò, ẹ ka ohun tí Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kọ lókè: nọ́ńbà tí Euler ń bá wí nínú òkùnkùn ojú rẹ̀ náà ló wà nínú fóònù tí gbogbo wa fi ń kọ̀wé síra wa yìí.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ (Àbújá)
Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ti fóònù ò bá jíjẹ́ práìmù rẹ̀ tan. Ààyè 31 ló fà á. Ká ní ààyè 29 ni wọ́n yàn, òpin náà á jẹ́ 536,870,911, tó jẹ́ 233 × 1,103 × 2,089, fóònù ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ibi tí práìmù ti wúlò ní tòótọ́ ni àwọn ètò tó ń fa nọ́ńbà bí ẹni ta tẹ́tẹ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ló fi 2^31 − 1 ṣe ìpìlẹ̀, kí nọ́ńbà tí wọ́n ń fà má baà tètè pa dà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà_Ìsánlú
Mo gbà fún ọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ pé práìmù ni kò ní fi ṣe ìpìlẹ̀ yẹn.

Kájú_Ìyàrá
Èmi ní ìbéèrè kan, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. 5 bí 31, 31 bí nọ́ńbà ńlá yìí. Tí a bá wá fi nọ́ńbà ńlá yìí gan-an ṣe ìgbéga ńkọ́? 2^2,147,483,647 − 1?

Alákòóso
Ọlọ́jà kájú ló bi ìbéèrè tó le jù lónìí.

Tíṣà_Ìsánlú
Kò sí ẹ̀sín níbẹ̀. Díjítì rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 646, kò ṣeé kọ sínú ìwé kankan. Síbẹ̀ a mọ̀ pé kì í ṣe práìmù, torí pé 295,257,526,626,031 pín in láìṣẹ́kù. Ẹ fi òfin àárọ̀ yẹn wò ó fúnra yín: ẹ yọ 1, kí ẹ fi nọ́ńbà ńlá wa ní ìlọ́po méjì pín in.

Ọmọ_SS3 (Kàbà)
Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 4,294,967,294. Mo pín in sà: 68,745 géérégé, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Mo sì fi 8 pín 295,257,526,626,031 fúnra rẹ̀, ó ṣẹ́ku 7.